Ibi Tí Agbọ́nmágbẹ Ń Lọ Sùn

Nígbà tí Agbọ́nmágbẹ parí eré ìje onípele mẹ́ta yẹn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n á bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, tí wọ́n á tún wá fẹsẹ̀ sáré parí ẹ̀, kò sunkún, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí koríko, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń da omi síra wọn lórí. Òun ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti dúdú, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, ìyá ọlọ́mọ méjì, òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn, ó parí ẹ̀! Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un, ẹ jọ̀ọ́, torí láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó tún pàtẹ́wọ́ fún un mọ́.

Agbọ́nmágbẹ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹgbẹ́ asáré ló fún un, torí pé bí gbogbo wọn bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun á ṣì máa lọ, bí omi tí wọ́n ń gbọ́n tí kì í gbẹ. Orúkọ náà dé ilé, ọkọ rẹ̀ gbà á, àwọn ọmọ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ dáadáa ni o. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ni yóò rí omi tí kì í gbẹ tí kò ní gbé garawa wá síbẹ̀?

Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan tí mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí níbòmíràn. Bí wọ́n bá parí eré ńlá kan, tí òmíràn sì ń bọ̀ lọ́nà, Kóòṣì, ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré, á gba bàtà eré lọ́wọ́ oníkálukú. Á so ó ní méjìméjì, á kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò ńlá kan, á sì tì í mọ́ yàrá ẹrù ẹgbẹ́. Ó ní asáré ò yàtọ̀ sí ọmọ kékeré, pé bí èèyàn ò bá gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní sùn. Títí di ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì fún máratọ́ọ̀nù, eré ọ̀nà jíjìn tí gbogbo ìlú ń tú jáde wò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sáré, ì báà jẹ́ láti ilé dé ìkòríta.

"Ẹni tí mo bá rí bàtà eré lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kó má wulẹ̀ wá bá mi," ni Kóòṣì wí lọ́dún yìí bó ṣe ń so okùn bàtà Agbọ́nmágbẹ. "Mi ò ní bẹ̀ yín, ẹ má sì wá bẹ̀ mí. Ara kì í ṣe òkúta. Ẹ lọ sinmi."

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Àyè tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn nínú máratọ́ọ̀nù kò tó nǹkan, àwọn tó ń wá a sì pọ̀. Apoògùn kan wà nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tó ń bá wọn rìn kiri bí ẹni tó dúró lẹ́yìn àga, tó ń retí kí ẹnì kan dìde.

Ẹ̀yin á ní kí ló wá kan Agbọ́nmágbẹ nínú máratọ́ọ̀nù, ṣé torí àmì ẹ̀yẹ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so kọ́ni lọ́rùn ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Nínú ilé obìnrin yìí, eré sísá nìkan ni ohun tó jẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ìyàwó mi wà níbi ìgbaradì," á sì na ọrùn sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ìbàdí ti ń dà á láàmú, á lé àwọn ọmọ kúrò lọ́nà: "Ẹ jẹ́ kí ìyá yín lọ, ẹ ò rí i pé ó ti wọ bàtà ni?" Bó bá ti wọ bàtà yẹn báyìí, ó ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Bí kò bá sí máratọ́ọ̀nù, kò sí ìgbaradì. Bí kò bá sí ìgbaradì, kò ní sí wákàtí kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́ láàárín ọdún kan gbáko. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Ó bà á lẹ́rù ju omi odò lọ.

Wàyí o, wọ́n ti gba bàtà. Ó di kó sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó na gbalaja sórí àga gígùn ní pálọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro ó láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó di ojú. Kò tíì mí tán tó fi gbọ́:

"Ìyàwó mi, ṣé oorun lò ń sùn ni?"

"Rárá o, Màmá. Mo kàn ń na ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ò ti ṣe nǹkan kan, dákun bá mi yí àga mi yìí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

Ó yí i. Ó padà wá dùbúlẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, yọ orí wọlé. "Ìyá ọmọ mi, o wà nílé lónìí? Ọlọ́run ló rán ẹ sí mi. Wá bá mi di ẹ̀yìn fíríìjì kan mú, kí n tú nǹkan ìdí ẹ̀." Ó dìde, ó dì í mú. Fíríìjì ńlá ni, ti ilé ìtajà, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti ń wá sálúbàtà, àbíkẹ́yìn ti da tíì sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni onídìrí ojúlé kejì kan ilẹ̀kùn, ọmọ jòjòló wà lápá ẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ ń sinmi," ló wí, tẹ̀ríntẹ̀rín, "ni mo ṣe ní kí n tètè gbé ọmọ yìí wá fún yín."

Àbí ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ó gbọ́ pé wọ́n ń sinmi, ló ṣe gbé ọmọ wá.

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Mo fẹ́ bi àwọn àgbà tó sọ ọ́ yẹn léèrè bóyá obìnrin kankan wà nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́. Mi ò sì sọ pé ìkà ni àwọn ará ilé Agbọ́nmágbẹ o. Wọn kì í ṣe ìkà rárá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan kò ṣe nǹkan kan, ẹni tí kò sì ṣe nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ nìyẹn. Òun gan-an náà ò kọ̀ rí. Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, ẹnu rẹ̀ á ti wí pé "Mò ń bọ̀" kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn gbóná bí ìdí ààrò. Aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ máa ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, mímọ́ á gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, wọn kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ni Agbọ́nmágbẹ ń dúró tì, irin gígùn gbígbóná tó ń yí bírí, tó ń gbé bẹ́dìṣíìtì tútù mì níwájú, tó ń pọ̀ ọ́ ní gbígbẹ lẹ́yìn. Èèyàn á na etí aṣọ lọ́tùn-ún lósì, á tì í síbẹ̀, á sì tètè yọ ọwọ́. Ní ọjọ́ kẹta ìsinmi tí a ń sọ yìí, ó na etí aṣọ, ó tì í síbẹ̀, oorun sì gbé e lọ lórí ìdúró. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹnì kan tó fà á lẹ́wù sẹ́yìn.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ ọwọ́ ẹ pọ̀ mọ́ bẹ́dìṣíìtì ni?" Ẹ̀gbọ́n ni, àgbàlagbà obìnrin tó ń tọ́jú yàrá aṣọ mímọ́. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé ìfọṣọ ń pè é, títí dé ọ̀gá pátápátá. "Kí ló ń ṣe ẹ́?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sinmi?"

"Ìsinmi yẹn gan-an ló rẹ̀ mí."

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí yàrá aṣọ mímọ́. Pẹpẹ ló yí ibẹ̀ ká, aṣọ funfun tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ wà lórí ẹ̀ dé àjà. Kò sí fèrèsé, kò sí ariwo. Ó tọ́ka sí àwọn ìdì bẹ́dìṣíìtì tó wà nílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. "Máa bọ̀ láàárọ̀. Èmi máa ń ti dé. Wá sùn síbí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáà sọ fún wọn nílé pé o fẹ́ lọ sùn."

"Há, Ẹ̀gbọ́n! Obìnrin ilé ọkọ tó ní òun fẹ́ lọ sùn níta láàárọ̀, ṣé ilé yẹn á tún ṣe é gbé?"

"Nígbà náà, sọ òótọ́ fún wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó ní òun á sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Báwo ló ṣe máa wò ó lójú, ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn, kó sọ fún un pé, "Màmá, ẹ ń pè mí jù"? Ṣùgbọ́n bàtà eré ògbólógbòó kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tó fi ń kun ilé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣòkòtò eré, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mò ń lọ síbi ìgbaradì o!"

"Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ ni?" ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Dádì."

"Agbọ́nmágbẹ! Máa lọ o, kò ní rẹ̀ ọ́." Ó sáré gbé ìgò omi fún un. Màmá ní kí àwọn ọmọ kúrò lọ́nà.

Kò sáré. Ó rọra ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ó wọ yàrá aṣọ mímọ́, ó wó lulẹ̀ sórí ìdì bẹ́dìṣíìtì, ó sì sùn lọ fọnfọn. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jí i, kò kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Kó tó padà sílé lọ múra iṣẹ́, ó bu omi sọ́rùn, ó bu òmíràn sí àyà aṣọ kó lè jọ òógùn. Màmá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wàhálà yìí pọ̀ fún ẹ o." Ojú tì í, ó yára kọjá wọlé.

Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún lọ. Àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ tó dúdú ń pọ́n. Ó rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ó ti ń ronú pé bóun ṣe máa yí i nìyí títí Kóòṣì á fi dá bàtà òun padà.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Ti Agbọ́nmágbẹ kò tiẹ̀ lọ jìnnà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ń bọ̀ láti yàrá aṣọ mímọ́, omi tútù ṣì ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀. Ó yà ní ìkòríta báyìí, ó sì ko Kóòṣì lórí kẹ̀kẹ́, búrẹ́dì wà níwájú kẹ̀kẹ́ ọ̀hún. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Kóòṣì wo bàtà, ó wo ṣòkòtò eré, ó wo omi ọrùn. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Agbọ́nmágbẹ, ìwọ náà?" ló wí. "Màá wá sílé yín nírọ̀lẹ́."

Ó dé lóòótọ́. Ọkọ gbé omi tútù fún un, ó ní kó jókòó dáadáa. Màmá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Agbọ́nmágbẹ dúró ti ògiri.

"Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀gá," ni Kóòṣì wí fún ọkọ rẹ̀. "Mo ní kí ìyàwó yín lọ sinmi. Mo gba bàtà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wá pàdé ẹ̀ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú bàtà mìíràn, òógùn bò ó. Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ń jẹ́ kó jáde?"

"Sinmi kẹ̀?" Ọkọ gbójú sókè. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó máa wá síbi ìgbaradì láràárọ̀?"

"Èmi? Ìgbaradì wo? Kò sẹ́ni tó tíì bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì kankan."

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Màmá náà yíjú sí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: Kóòṣì gbà pé ó ń sáré, ọkọ gbà pé ó ń sáré, oorun sì ni obìnrin náà ń sùn. Òótọ́ kan ṣoṣo ló lè yọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, àyè rẹ̀ nínú máratọ́ọ̀nù ṣì wà. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú àlejò? Kó ní kò sí ibi tóun ti lè sùn nínú ilé ọkọ òun? Kí Kóòṣì gbé e dé ẹgbẹ́ pé ìyá ọkọ Agbọ́nmágbẹ kì í jẹ́ kó fojú kan oorun? Ọ̀rọ̀ inú ilé, inú ilé ló ń gbé.

"Mo sáré, sà," ló wí. "Ẹ má bínú."

Kóòṣì mi orí, ó sì dìde. "Mo ti gbọ́. Màá sọ fún apoògùn kó máa múra." Ó kí Màmá, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì.

Agbọ́nmágbẹ ò kúrò lójú kan. Ọkọ rẹ̀ wá gbá a mọ́ra, ó sì fẹ́ tù ú nínú. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. "Má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù, ìyá ọmọ mi. Ibi tó dáa ló máa já sí. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ìgbaradì mọ́, wàá ráyè. Wàá lè máa bá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wàá lè máa mú Màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà..."

"Mi ò sáré!"

Ó ti bọ́ kúrò lápá ọkọ rẹ̀.

"Mi ò sáré, Dádì. Oorun ni mò ń lọ sùn. Mò ń wọ bàtà kí ẹ lè jẹ́ kí n lọ, mo wá ń lọ sùn sínú yàrá aṣọ ilé ìwòsàn, lórí bẹ́dìṣíìtì àwọn aláìsàn. Omi ẹ̀rọ ni mò ń bù sọ́rùn. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí, ẹ ò sì rí i, torí mo ṣì ń dìde bí ẹ bá ti pè mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀. Mi ò fẹ́ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ sùn."

Àkọ́bí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ojú ọkọ ti pọ́n. "O ní ibùsùn nílé," ló wí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Mo ní i. Ẹ lọ wò ó bóyá àyè èèyàn wà lórí ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà níbẹ̀: aṣọ àwọn ọmọ tí wọn ò tíì ká, ike ìṣó àti wáyà fíríìjì, bùláńkẹ́ẹ̀tì Màmá tó ń retí abẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ ni Kóòṣì ti padà wọlé. Ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ ha orí.

"Mi ò rí irú èyí rí," ló wí. "Ó dáa. Mi ò tíì bá apoògùn sọ̀rọ̀. Màá padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Kó sinmi láàárín ìgbà yẹn, nínú ilé yìí, lórí ibùsùn ara ẹ̀. Bí mo bá dé, tí mo rí i pé ara yìí ṣì mọ ìsinmi, ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́, máratọ́ọ̀nù á dá a dùbúlẹ̀ ni, èmi kọ́ ni màá fi ọwọ́ ara mi gbé e síbẹ̀."

Ẹ wá wo ilé náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn! Ọkọ lọ gba ìsinmi fún un lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìfọṣọ. Ó kó ibùsùn náà mọ́ tónítóní, ó tẹ́ aṣọ tuntun sí i. Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán kí ìró irin má bàa dí i lọ́wọ́. Ó dáná, oúnjẹ jóná, gbogbo wọn jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Màmá gbé àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn yàrá, ó sì jókòó síbẹ̀ tòun tọ̀pá bíi sójà. Nígbà tí onídìrí tún gbé ọmọ dé, Màmá ní kò sí nílé.

"Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn lójú fèrèsé ni."

"Ojú ẹ ló ń ṣe ẹ́. Gbọ́mọ ẹ lọ."

Agbọ́nmágbẹ dùbúlẹ̀ nínú yàrá, ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn òun. Ó wá di ojú pinpin, ó ń retí oorun.

Oorun ò wá. Nínú yàrá aṣọ mímọ́, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Nínú ilé yìí, gbogbo nǹkan ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ìdérí ìkòkò, ó mọ̀ pé omi fẹ́ gbẹ nínú ẹ̀. Ó gbọ́ tí ọ̀pá Màmá yẹ̀, ó mọ̀ pé ìbàdí ti ń dùn ún lórí àga líle yẹn. Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún, wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ìyẹn sì burú ju ẹkún gan-an lọ. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, etí rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá bi í ní ìrọ̀lẹ́, á ní, "Mo sùn dáadáa o, ẹ ṣeun." Inú gbogbo wọn á dùn. Ó tún ti ń parọ́ fún wọn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, àárẹ̀ tó ti kó jọ wá borí etí. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó fi orí lé ìrọ̀rí, kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ́. Oorun gidi ni, oorun tó wúwo. Kò gbọ́ nígbà tí Kóòṣì wọlé. Kò gbọ́ nígbà tí wọ́n fún un ní àga.

Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n pè é. Ó gbọ́ ọ ketekete, ohùn ẹnì kan tó nílò rẹ̀ kíákíá.

"Mò ń bọ̀!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là. Ó rìn, èjìká rẹ̀ gbá ògiri, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Gbogbo wọn ló wà ní pálọ̀. Ọkọ rẹ̀ dúró láàárín ilé. Kóòṣì mú ife dání, kò gbé e dé ẹnu, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Mo ti dé," ló wí, ó di òpó ilẹ̀kùn mú. "Ta ló pè mí?"

Àkọ́bí rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Mọ́mì, kò sẹ́ni tó pè yín. Láti ìgbà tí ẹ ti sùn lẹ ti ń dáhùn bẹ́ẹ̀. 'Mò ń bọ̀, Màmá. Mò ń bọ̀, Dádì.' Gbogbo wa kàn dákẹ́ ni."

Kóòṣì gbé ife sílẹ̀. Kò lè wò ó lójú. "Apoògùn ni màá mú," ló wí. "Má bínú, Agbọ́nmágbẹ. Kì í ṣe ọdún yìí."

Ó gbọ́. Ó mọ̀ kó tó sọ ọ́. Ó dùn ún wọ egungun, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ó yíjú, ó rí Màmá lórí àga líle yẹn níwájú ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ má sunkún, Màmá," ni Agbọ́nmágbẹ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú. "Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín mú wá?"